Wákàtí Mọ́kànlá Láìjẹun: Ọ̀rọ̀ Kan Fún Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Ra Tíkẹ́ẹ̀tì Fún Òbí

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Mo máa ń rántí ọ̀rọ̀ yìí nígbàkígbà tí mo bá gbọ́ pé ẹnì kan láti agbègbè Òkè-Ògùn fẹ́ wọ ọkọ̀ òfurufú lọ sí òkè òkun. Láti Ṣakí dé Ìṣẹ́yìn, láti Ìgbòho dé Òkèihò, agbo ilé tí ó ní ọmọ ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Kánádà tàbí ní Amẹ́ríkà ń pọ̀ sí i ni. Bí ọmọ náà bá bímọ, yóò ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ pé kí ó wá bá òun tọ́jú ọmọ tuntun. Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ físà ni gbogbo ilé yóò máa sọ. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ẹrù yóò délẹ̀: ẹlùbọ́ mélòó ni yóò wọ inú àpótí, ṣé irú kò ní í rùn. Kò sí ẹni tí í béèrè nípa ìjókòó tí ó wà láàárín ọ̀nà, ìyẹn wákàtí mẹ́fà, mẹ́jọ tàbí mọ́kànlá tí arìnrìnàjò yóò fi jókòó sí pápákọ̀ òfurufú ìlú onílùú, tí yóò máa retí ọkọ̀ kejì.

Ìjókòó yẹn kì í ṣe àgbákò. Ó wà nínú iye owó tí a san. Ọkọ̀ tí ó bá fò tààrà láti Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù ń lò tó nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà àbọ̀. Èyí tí ó bá gba Addis Ababa, Cairo, Istanbul tàbí Doha kọjá lè gba odidi ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ sábà máa ń dín. Lọ́pọ̀ ìgbà, bí ìdúró náà bá ṣe gùn sí i ni owó tíkẹ́ẹ̀tì ń wálẹ̀ sí i, nítorí pé ẹni tí ó ń kánjú kò ní í rà á. Ọmọ tí ó wà lókè òkun yóò fọwọ́ tẹ èyí tí owó rẹ̀ kéré jù lọ, inú rẹ̀ yóò sì dùn pé òun rí owó fi pa mọ́. Owó kankan kò pa mọ́. Ẹ̀yìn ìyá àti ikùn ìyá ni wọ́n ti yọ ọ́.

Bẹ́ẹ̀ sì ni, kò yẹ kí dídúró de ọkọ̀ jẹ́ ìṣòro fún ọmọ Òkè-Ògùn, nítorí pé láti kékeré ni a ti ń kọ́ ọ. Nígbà tí mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ìwé ìròyìn, gáréèjì Sáńgò ní Ìbàdàn ni mo ti máa ń wọ ọkọ̀ bí mo bá ń lọ wá ìròyìn ní Ìṣẹ́yìn tàbí Ṣakí. Ẹ mọ̀ pé bọ́ọ̀sì kì í gbéra àfi bí ó bá kún. Èrò mẹ́ta lè ti jókòó kí èèyàn tó dé, kí mẹ́rìnlá mìíràn sì wà tí a óò máa retí. Wákàtí méjì, wákàtí mẹ́ta, kò jẹ́ nǹkankan. Alákàrà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa tí epo rẹ̀ ń hó. Ẹlẹ́kọ wà níbẹ̀. Ẹni tí ó gbé mọ́ínmọ́ín eléwé lérí á máa pooyì ọkọ̀ náà títí á fi rí ẹni rà á. Fẹ́ńdọ̀ oníwèé ìròyìn wà níwájú gáréèjì, àwọn èèyàn á sì dúró bò ó, wọ́n á ka àkọlé ìròyìn tán láìná kọ́bọ̀, wọ́n á wá máa jà lórí ọ̀rọ̀ òṣèlú bí ẹni pé àwọn ni gómìnà ń gbọ́ tiwọn. Èmi tí mo kọ ìròyìn náà á dúró sáàárín wọn, n kò ní í sọ ẹni tí mo jẹ́. Kí bọ́ọ̀sì tó kún, a ti jẹun yó, a sì ti mọ ẹni tí ó ń gbéyàwó ní Ṣakí.

Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó náà á jẹun. Ẹ̀kọ méjì àti àkàrà mẹ́rin ni yóò rà, yóò sì bá alákàrà sọ̀rọ̀ kí ó fi ènì sí i. Ènì yìí ṣe pàtàkì. Ó ń sọ pé ẹni tí ó ń tà mọ̀ pé ẹni tí ó ń rà ń rìnrìnàjò ni.

Àwọn baba wa tilẹ̀ ní orúkọ fún irú ibi bẹ́ẹ̀ kí mọ́tò tó dé: àrọ́jẹ ni wọ́n ń pè é. Níbi tí ọ̀nà méjì bá ti pàdé, tàbí lábẹ́ igi ńlá kan tí òòjìji rẹ̀ gbòòrò, ni àwọn obìnrin máa ń pàtẹ oúnjẹ sí fún àwọn alárùnpo tí wọ́n ń ti ìlú kan bọ̀ sí òmíràn. Arìnrìnàjò á sọ ẹrù kalẹ̀, á jẹun, á mu omi, á sì dúró de àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀, nítorí pé ẹnì kan kì í dá rìn nígbà tí ọ̀nà bá léwu. Ọ̀nà tí ó lọ láti Ṣakí sí ilẹ̀ Ìbàrìbá kì í ṣe ọ̀nà tí èèyàn ń dá tọ̀ nígbà náà. Ìtàn tilẹ̀ sọ fún wa nípa àwọn ọlọ́jà tí wọ́n máa ń gbé ọjà kalẹ̀ sẹ́bàá ọ̀nà, tí wọ́n á to òkúta wẹ́wẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti fi sọ iye rẹ̀, tí wọ́n á sì bá iṣẹ́ wọn lọ. Ẹni tí ó bá jẹ á ka owó ẹyọ sílẹ̀. Owó oúnjẹ ni wọ́n ń san ní àrọ́jẹ. Obìnrin tí ó bá gbówó lérí ju bó ti yẹ lọ, ẹni tí ó jókòó tì í ni yóò ta tirẹ̀ tán.

Kì í ṣe owó oúnjẹ nìkan ni a ń san ní pápákọ̀ òfurufú. Ilé ìtajà tí ó wà níbẹ̀ ń san owó ilẹ̀ tí ó wúwo fún àwọn tí ó ni pápákọ̀, ó sì tún ń fún wọn ní ìpín nínú ohun tí ó bá tà. Gbogbo ọjà rẹ̀ àti gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀ ni ó gbọ́dọ̀ gba ibi àyẹ̀wò kọjá. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹni tí ó ń rà kò lè jáde lọ sí ìsọ̀ mìíràn lójú títì. A ti sé e mọ́. Ẹni tí a bá sé mọ́ kì í ná ọjà.

Ní ìparí ọdún 2024, nígbà tí dọ́là kan ti kọjá náírà 1,500, ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan rin irú ìrìnàjò bẹ́ẹ̀. Ẹni ọdún 67 ni wọ́n. Ṣakí ni wọ́n ń gbé, ẹ̀gúsí àti ẹlùbọ́ ni wọ́n sì ti ń tà láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Ọmọ wọn ọkùnrin ní Lọ́ńdọ̀nù ra tíkẹ́ẹ̀tì tí owó rẹ̀ dín jù lọ fún wọn, ìdúró àárín ọ̀nà sì jẹ́ wákàtí mọ́kànlá ní pápákọ̀ ìlú ńlá kan tí n kò ní í dárúkọ. Àádọ́ta dọ́là wà lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí ebi dé, wọ́n lọ sí ilé ìtajà kan, wọ́n fi ìka tọ́ka sí búrẹ́dì tí wọ́n fi adìyẹ há láàárín àti ife tíì kan. Ọmọbìnrin tí ó ń tajà kọ iye rẹ̀ sórí ẹ̀rọ, ó sì yí i sí wọn: dọ́là 14.

“Ìwọ náà gbọ́, ọmọ mi,” báyìí ni wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi. “Mo ṣí i sí náírà. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà mọ́kànlélógún! Mo ní kí ó dá a padà. Mo lọ jókòó, mo pa ẹnu mi mọ́.”

Mo bi wọ́n pé, “Omi ńkọ́, mà?”

“Omi tí wọ́n ń tà ní dọ́là mẹ́ta? Mo mọ odò tí mo fi sílẹ̀ nílé.”

Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn wà nínú báàgì ọwọ́. Dókítà ti sọ fún wọn pé kí wọ́n má lò ó láìjẹun, nítorí náà wọn kò lò ó. Nígbà tí wọ́n máa fi dé Lọ́ńdọ̀nù, òòyì ń kọ́ wọn débi pé kẹ̀kẹ́ àwọn aláìlera ni wọ́n fi gbé wọn jáde. Ọmọ wọn rò pé òtútù ni.

Àwọn kan yóò ní ahun ni ìyá náà. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ti fi kóńgò wọn ẹ̀gúsí fún ogójì ọdún mọ ohun tí à ń pè ní iye ọjà, ó sì mọ ìgbà tí wọ́n bá ń fi òun ṣeré. Títí di oṣù kẹfà ọdún 2023, nígbà tí ìjọba tú náírà sílẹ̀ kí ó máa wá ipò ara rẹ̀, dọ́là 14 yẹn kò tó náírà 7,000 ní iye tí ìjọba ń ṣẹ́ ẹ. Ojú ẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ni kí á fi wo ìyá tí kò lè gbé e mì pé oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan ti di owó ọbẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan. Asán ni kí á máa sọ fún wọn nílé pé, “Mọ́mì, ẹ má ṣí i sí náírà o.” Wọn yóò ṣí i. Ohun tí ó lè dá ọ̀rọ̀ náà dúró ni kí oúnjẹ ti wà nínú báàgì wọn kí wọ́n tó kúrò nílé.

Ìdúró náà kì í tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ìlú òkèèrè. Ojú ọ̀nà Mọ́níyà sí Ìṣẹ́yìn, tí ó gùn tó kìlómítà 65, ti dùn ún gbà báyìí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń bọ̀ láti Ṣakí ṣì ní ọ̀nà gígùn láti rìn kí ó tó débẹ̀, Èkó sì tún wà níwájú. Ọlọ́gbọ́n kì í gbéra láti Òkè-Ògùn ní ọjọ́ tí ọkọ̀ rẹ̀ yóò fò. Ó ti sùn ní Ìbàdàn tàbí Èkó, ó sì ti dé pápákọ̀ Murtala Muhammed ní Ìkẹjà ní wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin ṣáájú. Nítorí náà, oúnjẹ gidi àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ wáyé kí ó tó wọlé: àmàlà, ìrẹsì, ohunkóhun tí yóò dúró nínú. Àwọn tí ń gbálẹ̀ ní pápákọ̀ àti àwọn tí ń ti kẹ̀kẹ́ ẹrù kì í jẹun níbi tí èrò ti ń jẹun. Ẹ bi wọ́n ní ibi tí wọ́n ti ń jẹ tiwọn. Mo ti lo ọgbọ́n yìí ní ìlú mẹ́rin, kò já mi kulẹ̀ rí.

Ní ti èyí tí a óò gbé lọ́wọ́, òfin ibi àyẹ̀wò kò le fún ẹni tí ó bá mọ ìyàtọ̀ láàárín oúnjẹ gbígbẹ àti olómi. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2006, àwọn ọlọ́pàá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tú àṣírí àwọn kan tí wọ́n gbèrò láti fi àdó olóró olómi, tí wọ́n fẹ́ rọ sínú ìgò ohun mímu, fọ́ ọkọ̀ òfurufú lójú sánmà. Láti inú ọ̀rọ̀ yẹn ni òfin ti jáde pé ohun olómi tí ìgò rẹ̀ bá ju mìlílítà 100 lọ kò gbọdọ̀ wọ inú ọkọ̀ nínú báàgì ọwọ́. Àwọn pápákọ̀ kan ti ń dẹ òfin náà báyìí nítorí pé wọ́n ti ra ẹ̀rọ tuntun, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò gba pápákọ̀ mẹ́ta kọjá kò lè fi ìyẹn ṣe ìgbọ́kànlé. Lójú àwọn aláyẹ̀wò, ọbẹ̀ jẹ́ omi. Ògì jẹ́ omi. Ẹ̀pà tí a lọ̀ kúnná sínú ike náà, omi ni wọ́n ń pè é.

Ṣùgbọ́n róbó kì í ṣe omi. Kúlíkúlí kì í ṣe omi. Kókòró, ìpékeré, ẹ̀pà sísun àti kajú yíyan kì í ṣe omi. Ẹ wò ó dáadáa, ẹ ó rí i pé púpọ̀ nínú nǹkan wọ̀nyí ni ilẹ̀ Òkè-Ògùn ń pèsè fúnra rẹ̀. Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe róbó, tí wọ́n lọ ẹ̀gúsí, tí wọ́n fún òróró rẹ̀ kúrò, tí wọ́n sì dín in títí ó fi gbẹ, ohun tí yóò pẹ́ lọ́wọ́ ni wọ́n ń wá. Róbó mẹ́wàá àti ẹ̀kúnwọ́ kajú méjì lè gbé àgbàlagbà dé ilẹ̀ mọ́. Àkàrà tí a dín gbẹ ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìrìnàjò, tí a sì jẹ́ kí ó tutù kí a tó dì í, yóò dára títí di alẹ́ ọjọ́ náà. Àádùn dára púpọ̀, àmọ́ ẹ wé e dáadáa kí epo rẹ̀ má ba ìwé ìrìnnà jẹ́. Ẹyin sísè ń ṣara lóore, ó kàn jẹ́ pé òórùn rẹ̀ yóò jẹ́ kí àwọn aládùúgbò kúrò lórí àga, bóyá ẹlòmíràn tilẹ̀ fẹ́ ìyẹn. Gàrí ni n kò fi gbogbo ẹnu yìn: ó ń yóni, ṣùgbọ́n ìyẹ̀fun tí ó bá pọ̀ máa ń mú kí wọ́n tú báàgì wò, àgbàlagbà kì í sì í fẹ́ kí wọ́n máa tú ẹrù òun lójú gbogbo ayé.

Wàràkàṣì ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Kò sí ọjà kan ní Òkè-Ògùn tí àwọn obìnrin Fúlàní kì í tà á sí, bí a bá sì dín in gbẹ, oúnjẹ gidi ni fún ìdúró ọlọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò fàyè gba ẹran tàbí ohun tí a fi wàrà ṣe láti orílẹ̀-èdè bíi tiwa nínú ẹrù èrò. Àárín ọ̀nà ni kí wọ́n ti jẹ ẹ́ tán. Èyí tí ó bá ṣẹ́kù nígbà tí ọkọ̀ bá ń balẹ̀ sí Lọ́ńdọ̀nù, kí wọ́n fi sílẹ̀ sínú ọkọ̀.

Omi rọrùn jù bí a ti ń rò lọ. Ìgò òfìfo kì í ṣe ohun olómi. Kí ìyá gbé ìgò òfìfo kan kọjá ibi àyẹ̀wò, kí wọ́n sì bu omi kún un ní ẹ̀rọ omi mímu tí pápákọ̀ ńlá púpọ̀ gbé kalẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, tàbí kí wọ́n bẹ àwọn òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ kí ọkọ̀ tó balẹ̀. Kí wọ́n rántí pé wọn yóò tún gba ibi àyẹ̀wò kọjá ní ìlú tí wọ́n bá ti pààrọ̀ ọkọ̀, nítorí náà omi tí wọ́n rà ní Ìkẹjà lè má kọjá níbẹ̀. Inú ọkọ̀ náà ni kí wọ́n ti pa búrẹ́dì àti bisikíìtì tí wọ́n bá pín fún wọn mọ́. Kò sí ìtìjú níbẹ̀; wọ́n ti sanwó rẹ̀.

Ẹ̀tọ́ mìíràn wà tí ọ̀pọ̀ èrò tiwa kì í béèrè. Ìdúró tí ó ti wà nínú tíkẹ́ẹ̀tì yàtọ̀ sí ìdádúró tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ fà. Ní ti àkọ́kọ́, Ethiopian Airlines ní ètò kan fún èrò tí ìdúró rẹ̀ ní Addis Ababa bá wà láàárín wákàtí mẹ́jọ sí 24, bí kò bá sí ọkọ̀ wọn mìíràn tí ó lè tètè gbé e: wọn yóò fún un ní òtẹ́ẹ̀lì àti oúnjẹ. Àmọ́ irú tíkẹ́ẹ̀tì tí a rà ní í ṣe pẹ̀lú rẹ̀, ọjọ́ tí a bá ń rà á sì ni kí a ti béèrè. Ọ̀rọ̀ yìí lè mú kí ìdúró wákàtí mẹ́sàn-án dára fún àgbàlagbà ju ti wákàtí mẹ́fà lọ. Turkish Airlines náà máa ń mú èrò wo ìlú Istanbul lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mú ìwé ìrìnnà Nàìjíríà lọ́wọ́ nílò físà ilẹ̀ Tọ́kì kí ó tó lè jáde. Ní ti àwọn orílẹ̀-èdè Schengen, Nàìjíríà wà lára àwọn tí ọmọ wọn nílò físà kí ó tó lè jókòó sí inú pápákọ̀ lásán, àfi bí ó bá ní físà Amẹ́ríkà, Kánádà tàbí Jàpáàn tàbí irú ìwé bẹ́ẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú tí ó gba Frankfurt kọjá lè parí sí ẹnu ọ̀nà ní Ìkẹjà.

Ní ti ìdádúró, òfin 261 tí àjọ ilẹ̀ Yúróòpù ṣe ní ọdún 2004 sọ pé bí ọkọ̀ tí ó ń gbéra láti ibẹ̀ bá pẹ́ fún wákàtí méjì lórí ìrìnàjò kúkúrú, mẹ́ta lórí èyí tí ó gùn díẹ̀, tàbí mẹ́rin lórí èyí tí ó kọjá kìlómítà 3,500, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ gbọ́dọ̀ fún èrò ní oúnjẹ àti ohun mímu. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pa irú òfin náà mọ́ lẹ́yìn tí wọ́n kúrò nínú àjọ náà. Òfin ìrìnàjò òfurufú tiwa nílé náà dárúkọ ìpanu àti òtẹ́ẹ̀lì fún èrò tí wọ́n bá dá dúró. Ìyá tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lè gba ẹ̀tọ́ yìí bí ọmọ rẹ̀ bá kọ ọ́ sórí ìwé pélébé kan fún un: “Ọkọ̀ mi ti pẹ́, ẹ jọ̀wọ́, níbo ni mo ti lè gba oúnjẹ mi?” Kí wọ́n kàn na ìwé náà sí òṣìṣẹ́ tí ó bá wọṣọ ilé-iṣẹ́ náà.

Bí ikùn bá ti yó, ó ku àkókò. Ibí yìí gan-an ni mo ti rí i pé pápákọ̀ kò jọ gáréèjì rárá. Ẹgbẹ̀rún èèyàn jókòó, kò sí ẹni tí ó kí ẹnì kejì. Olúkúlùkù ti nǹkan bọ etí. Ìwé ìròyìn tí a jọ ń kà lọ́fẹ̀ẹ́ ní Sáńgò ti wọ inú fóònù lọ, fóònù sì nílò iná. Kí power bank wà nínú báàgì ọwọ́, nítorí pé wọn kì í gbà á nínú àpótí tí a bá fi sábẹ́ ọkọ̀. Ẹnu ṣájà tiwa, ẹlẹ́nu mẹ́ta, wọ ihò iná ní Doha, ṣùgbọ́n kò wọ ti Addis Ababa tàbí Istanbul.

Fún ìyá tí ó bá jẹ́ Mùsùlùmí, bí ọ̀pọ̀ àwọn ìyá wa ní Ìṣẹ́yìn ti jẹ́, iyàrá àdúrà ni ibi tí ó dára jù lọ ní pápákọ̀. Ó mọ́, ó dákẹ́, omi wà nítòsí, ẹnikẹ́ni kò sì ní í ta ohunkóhun fún wọn níbẹ̀. Ní Doha, ère béárì ńlá kan tí àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìyeyè, tí ó ga tó mítà méje, wà láàárín gbọ̀ngàn. Ẹ sọ fún wọn pé bí wọ́n bá sọnù, kí wọ́n béèrè ibi tí béárì wà. Addis Ababa wà lórí òkè tí ó ga ju 2,300 mítà lọ, òtútù ibẹ̀ kì í ṣeré lóru. Aṣọ òfì Ìṣẹ́yìn kan tí ó nípọn dára ju súwẹ́tà lọ, nítorí pé ó ń di ìbora. Aago wọn fi wákàtí méjì ṣáájú tiwa. Àwọn ará ibẹ̀ tún ní ọ̀nà tiwọn tí wọ́n ń gbà ka aago, tí aago méje òwúrọ̀ fi jẹ́ aago kan lọ́dọ̀ wọn. Ti inú tíkẹ́ẹ̀tì ni kí ìyá máa tẹ̀ lé. Bí wọ́n bá fẹ́ fojú lé oorun, kí wọ́n so okùn báàgì mọ́ ọrùn ọwọ́, kí fóònù sì dún ní wákàtí kan ààbọ̀ ṣáájú, nítorí pé àwọn pápákọ̀ ńlá kan kì í pariwo pe èrò mọ́.

Ọkùnrin ará Ìráànì kan wà tí ń jẹ́ Mehran Karimi Nasseri, tí ìwé rẹ̀ kò pé, tí ó sì gbé inú pápákọ̀ Charles de Gaulle ní Paris láti ọdún 1988 títí di 2006. Ó máa ń kọ ìwé ìrántí ojoojúmọ́, ó ń ka ìwé, ó ń fá irùngbọ̀n rẹ̀ ní òròòwúrọ̀. Pápákọ̀ yẹn náà ni ó padà sí, ibẹ̀ ni ó sì kú sí ní oṣù kọkànlá ọdún 2022. Mo máa ń ronú nípa rẹ̀ bí ìdúró mi bá gùn. Ohun tí ó mú ọkùnrin náà dúró fún ọdún 18, iṣẹ́ tí ó fi sí ọwọ́ ara rẹ̀ ni.

Ìyá kan láti Tédé mọ èyí láìjẹ́ pé ó gbọ́ orúkọ ará Ìráànì náà rí. Ọmọ rẹ̀ ni ó sọ ọ́ fún mi. Kóńgò ẹ̀gúsí kan tí a kò tíì bó ni ó gbé sínú báàgì ọwọ́, pẹ̀lú ọ̀rá méjì. Nígbà tí ó jókòó tán, ó fa gèlè rẹ̀ le, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bó ẹ̀gúsí. Èèpo lọ sínú ọ̀rá kan, ẹ̀gúsí lọ sínú èkejì. Àwọn òyìnbó ń wò ó. Ọmọdé kan wá jókòó tì í, ó ní kí wọ́n kọ́ òun. Wákàtí méje lọ, ó sì gúnlẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀gúsí tí ó ti ṣe tán fún ọbẹ̀.

Oṣù mẹ́fà ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi lò ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀ wá sílé, ìdúró kan náà, pápákọ̀ kan náà, nítorí pé tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àti àbọ̀ ni wọ́n rà. Ìyàwó ọmọ wọn dín àkàrà fún wọn ní àfẹ̀mọ́júmọ́, ó ra kúlíkúlí àti ìpékeré ní Peckham, ó sì fi ìgò òfìfo méjì sí i. Ní pápákọ̀, wọ́n jókòó ti obìnrin kan tí ó lọ aṣọ mọ́ra, tí ojú rẹ̀ fi ebi hàn. Wọ́n kí i ní Yorùbá, bóyá yóò bọ́ sí i. Obìnrin náà dá wọn lóhùn pẹ̀lú èdè Kétu. Kùtọnu ni ó ń lọ. Òun náà ti béèrè iye búrẹ́dì, òun náà ti dá a padà. Fáráǹkì ni òun ṣí i sí. Àkàrà méjìlá ni ó wà nínú ike. Wọ́n pín in sí méjì, wọ́n ń sọ̀rọ̀ títí tí wọ́n fi pe ọkọ̀ Kùtọnu, ìyá wa sì lo oògùn wọn ní aago tí dókítà sọ.

Ìgò méjèèjì ṣì wà ní Ṣakí. Ọ̀kan ni wọ́n ń rọ òróró sí. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan èkejì, àwọn tún ń lọ ní ọdún tí ń bọ̀.